ÀWO ORIN AURA: ṢÉ Ẹ̀RỌ NI Ó BA JÙJÚ SUNNY ADÉ JẸ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá yí padà, kí oníjó náà yí ijó padà. King Sunny Adé yí ìlù padà nínú àwo orin rẹ̀ tí ó pè ní Aura ní ọdún 1984, ṣùgbọ́n ọjà àwo náà kò yá. Ilé-iṣẹ́ Island tí ó gbé e jáde kò bá a ṣe àwo mìíràn mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé ìlù ẹ̀rọ àti dùùrù oníná ni ó ba jùjú jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Island ni ó gbé Bob Marley fún gbogbo ayé. Nígbà tí Marley kú ní ọdún 1981, wọ́n ń wá ẹlòmíràn, wọ́n sì rí Sunny Adé. Juju Music jáde ní ọdún 1982, Synchro System tẹ̀ lé e ní ọdún 1983, Aura sì ṣe ìkẹta. Nínú Aura yìí ni Stevie Wonder, olórin Amẹ́ríkà, ti fọn hàmóníkà sí orin tí a ń pè ní 'Àṣẹ'.

Ǹjẹ́ ohun èlò àjèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jùjú ni? Rárá o! I. K. Dairo ta àkọ́díọ̀nù, a kò sì sọ pé kì í ṣe Yorùbá. Gángan pàápàá tí a ń fi yangàn lónìí, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó ráyè jókòó nínú ẹgbẹ́ jùjú, nígbà kan náà pẹ̀lú gìtá oníná. Gìtá tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà máa ń tẹ́ sílẹ̀ ta, Sunny Adé ti sọ ọ́ di tiwa kí Island tó mọ̀ ọ́n rárá.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo bá wíjọ́ bí kò ṣe ọ̀bẹ. Nínú àwọn àwo tí Sunny Adé ṣe sílé, orin kan ṣoṣo lè ṣàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan dé òpin rẹ̀, bí ogún ìṣẹ́jú. Yóò júbà, yóò pa òwe, yóò ki ẹni tí ó yẹ kí ó kì, gángan yóò sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ní òde ìsìnkú àgbà ní Àkànrán, ta ni yóò dá onílù dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún? Olóde kò tíì dìde lórí àga! Ṣùgbọ́n Island gé orin náà wẹ́wẹ́: méje nínú Juju Music, mẹ́fà nínú Aura. Ibi tí oríkì ìbá ti gbilẹ̀ ni a ti pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹnìkan lè ní òyìnbó kò lè fara balẹ̀ gbọ́ orin gígùn. Ṣebí òyìnbó náà ni ó ń jó fún wákàtí púpọ̀ nígbà tí Sunny Adé bá dé orí ìtàgé wọn?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wa. Lóde òní, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ó gbòde. Àwa tí a ń kọ́ ìjálá, rárà àti ẹ̀sà ní kíláàsì, kí ló dé tí a kì í ka orin jùjú gígùn mọ́ ewì alohùn? Àwọn àwo ńlá wọ̀nyẹn wà nílé àwọn òbí wa, eruku bò wọ́n. Kí ẹgbẹ́ wa kó wọn jọ, kí á da ọ̀rọ̀ inú wọn àti ohun tí gángan ń wí kọ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó gbọ́ èdè ìlù ṣì wà láàyè. Òótọ́ ni pé bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ni yóò máa nu eruku orí igbá náà.