Bọ́tìnnì Tí Wọ́n Ní Kí Wọ́n Fi Téèpù Lẹ̀

Bí ọmọ yín bá ń ka físíìsì tàbí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó ṣeé ṣe kó ti kọ purogíráàmù tó ń darí ẹ̀rọ fún àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà, ẹ ó tẹ Enter, omi á sì gbóná dé ibi tí ẹ ní kó dé. Ẹni tó kọ ọ́ sábà máa ń gbà pé ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà náà ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ìgbàgbọ́ yẹn ti pa èèyàn rí.

Therac-25 ni orúkọ ẹ̀rọ náà. AECL, iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Kánádà, ló ṣe é láti máa fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: X-ray, tó ń lo agbára ńlá tí ègé irin kan sì gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀, àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí agbára tirẹ̀ kéré jọjọ.

Ní March 21, 1986, ní ìlú Tyler, ìpínlẹ̀ Texas, òṣìṣẹ́bìnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà dunjú tẹ "x" dípò "e". Ó rí i, ó fi bọ́tìnnì ọfà tó kọjú sókè padà sẹ́yìn, ó tún un ṣe, ó sì yára tẹ Enter títí dé ìsàlẹ̀. "e" ló hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ń to àwọn mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, iṣẹ́ tó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 8, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ padà. Irin ti kúrò, agbára X-ray ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ dúró, ó kọ "Malfunction 54". Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé ó máa ń dúró bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, obìnrin náà tẹ "P" pé kó máa bá iṣẹ́ lọ, ọkùnrin tó wà lórí ibùsùn sì gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Rad 180 ni dókítà kọ fún un. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ohun tó gbà wà láàárín 16,500 sí 25,000. Ó kú lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Ní April, ó tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn ní ilé ìwòsàn kan náà. Òun náà kú.

Onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn yẹn àti obìnrin náà ni wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ títí wọ́n fi rí ìdí rẹ̀: àfi kí èèyàn yára tẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹnjiníà AECL kò rí àṣìṣe náà títí wọ́n fi sọ fún wọn pé kí wọ́n yára. Kí ni iléeṣẹ́ kọ́kọ́ ní kí àwọn ilé ìwòsàn ṣe? Kí wọ́n yọ orí bọ́tìnnì ọfà náà kúrò, kí wọ́n fi téèpù iná lẹ ibẹ̀. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Irú àṣìṣe yìí wà nínú Therac-20 tó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí ní ohun èlò tó ń dá agbára dúró láìdúró de kọ̀ǹpútà, nítorí náà fíúsì lásán ló ń jó.

Ẹ bi ọmọ yín bóyá purogíráàmù rẹ̀ máa ń padà ka nọ́ńbà náà kí iná tó wọlé, bóyá ó máa ń kọ 700 nígbà tí 70 ló yẹ, àti ohun tó ń dá iná dúró bí kọ̀ǹpútà bá gbàgbé. Lẹ́yìn náà, kó gbé kíbọ́ọ̀dù fún àbúrò rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yá, kó máa tẹ ohun tó bá wù ú, kó sì máa pa á rẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.