Liberia: Òfin ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n ta ló wà nínú ilé?

Òpópónà Gurley wà ní àárín gbùngbùn Monrovia. Orúkọ Ralph Gurley ló ń jẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ ará Amẹ́ríkà tó kó àwọn aláwọ̀ dúdú wá sí Liberia. Títí di òní, ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ sílé kò tíì tán nílùú náà.

Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, tó sì parí ní 2003, lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Ghana, Amẹ́ríkà, àti àgọ́ Orù ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà náà, ẹni tó bá gba ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà kì í ṣe ọmọ Liberia mọ́ lábẹ́ òfin, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ onílùú nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, Ààrẹ George Weah buwọ́lu òfin tó fàyè gba jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì.

Kí ni èyí túmọ̀ sí? Ẹni tó padà dé lè béèrè ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ilẹ̀ bá ti sọnù, tí ẹlòmíràn sì ti tọ́mọ dàgbà níbẹ̀ láti ìgbà ogun ńkọ́?

Ilé làbọ̀ sinmi oko, lóòótọ́. Òfin 2022 sọ ẹni tó lè padà. Kò sọ ẹni tí yóò kó jáde.