Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Orúkọ Ìyàwó Mi Ni Àbẹ̀kẹ́

  Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹ ti rí ojú ewé yìí gbẹ̀yìn, mo sì gbọ́ pé àwọn kan ń béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ bóyá Ìyá Dèjì ti bínú ni. N ò bínú o. Ara Bàbá Dèjì ni kò yá. Mo gbààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má sọ ọ́ di ìwàásù. (Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mò ń pe ọkọ mi ní "ó" nínú ìwé. Bí mo bá ní "wọ́n", ẹ ò ní mọ̀ bóyá òun ni mò ń sọ tàbí àwọn dókítà.)

Ọdún 2019 ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. A rò pé iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù láti ìdájí, ṣé ẹ̀yìn ò ní dùn ún ni? Ó fi òróró pa á, ó ń ra oògùn ìrora. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ ti dín lára rẹ̀, kíndìnrín sì ti ń ṣe ségesège. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní myeloma, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun. Àìsàn yìí ń mú àwa aláwọ̀ dúdú tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń mú àwọn òyìnbó. Bí ẹ̀yìn tàbí egungun ìhà bá ń dun àgbàlagbà kan nínú ilé yín tí kò lọ, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ láìnídìí, ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má fi òróró tàn án bíi tiwa.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin. Ní 2024 àìsàn náà padà. Dókítà wá sọ fún wa nípa ìtọ́jú tuntun kan tí wọ́n ṣì ń dán wò, tí wọ́n ń pè ní CAR-T. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà nínú rẹ̀, wọ́n á kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti máa kọ́ wọn láti dá jẹjẹrẹ mọ̀, wọ́n á sì dá wọn padà sí i lára. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ rò ó bí ajá ọdẹ tí wọ́n kọ́ ní òórùn ẹran kan ṣoṣo kí wọ́n tó tú u sínú igbó. Ní 2012, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 6 kan gba irú rẹ̀ ní Philadelphia nítorí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ọmọdé àkọ́kọ́ tó gbà á. Ibà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè é, ó sì ti dàgbà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ ìdánwò tiwa ló ń rí sẹ́ẹ̀lì náà gbà. Kọ̀ǹpútà ló ń yàn, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ gègé: àwọn kan á gba tuntun, àwọn tó kù á gba oògùn tí wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé Ìbàdàn báyìí, fóònù ò sinmi mọ́. Bọ̀ọ̀dá àgbà ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn òyìnbó fi àbúrò mi ṣe eku ni?" N ò lè bá wọn wí. Ní 1996, nígbà tí àrùn meningitis ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, iléeṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà kan dán oògùn rẹ̀ wò lára àwọn ọmọ, àwọn òbí sì sọ pé ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Ọdún 2009 ni wọ́n tó bá ìjọba Kano yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí tí ẹ̀rù ò bà á, òun ni kò gbọ́n.

Èmi gan-an ò fẹ́. Mo ní kó máa gba oògùn tí àwọn èèyàn ti gbà tẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ ọdún kan ṣoṣo ló máa fi kún un. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá Dèjì, ara ta ni?" N ò rí èsì fọ̀. Odindi ọjọ́ méjì la ò bára wa sọ̀rọ̀ kan tó nítumọ̀, àfi "oúnjẹ ti délẹ̀" àti "ta ló máa lọ mú Bùkọ́lá ní ilé ìwé". Lọ́jọ́ kẹta mo mú bírò, mo jókòó tì í, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àlàyé tí wọ́n fún wa. Ìwé náà lé ní ọgbọ̀n ojú ewé. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta la fi kà á. Ibi tí kò bá yé wa, a fàlà sí i, a sì gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìdánwò náà. Ìbéèrè tó jẹ mí lọ́kàn jù ni pé, bó bá tọwọ́ bọ̀wé lónìí tó yí ọkàn padà lọ́la ńkọ́? Wọ́n ní ó lè jáde nígbàkúùgbà, kò ní láti sọ ìdí, wọn ò sì ní torí ẹ̀ dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró. Mo ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Wọ́n fi hàn mí.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo ní láti jẹ́wọ́ o. Ìyá ọkọ mi fi àgbo ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta, inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì. Mo gbé e sínú fíríìjì, mo sì dákẹ́. Ó ti mu ún fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹni tó ń kó oògùn fún wa ní ọsibítù tó béèrè bóyá ó ń lo nǹkan ìbílẹ̀ kankan. Mo wo Bàbá Dèjì, ó wo bàtà rẹ̀. Mo sọ ọ́. Wọn ò bínú, wọn ò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kàn ní àgbo lè da oògùn rú tàbí kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kó dá a dúró. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó máa bá iṣẹ́ lọ. Mo pe Màámi, mo ní kí wọ́n máa fi àdúrà ránṣẹ́, ìyẹn ò ní da nǹkan kan rú.

Bùkọ́lá, ọmọ ọdún 9, béèrè lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀ pé, "Ṣé Dádì máa kú ni?" Ọ̀dọ̀ wa nílé, a kì í dá ọmọdé lóhùn irú ìyẹn. Mo ní, "N ò mọ̀. Wọ́n ń gbìyànjú kó má kú. Ohunkóhun tí mo bá mọ̀, màá sọ fún ọ." Ó ní ó dáa. Ó tún béèrè ohun tí a máa jẹ lálẹ́.

Kọ̀ǹpútà yàn án sí apá tó ń gba sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ 4, a ò gbọdọ̀ jìnnà sí ọsibítù, kò sì gbọdọ̀ wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Mo gbààyè níbi iṣẹ́, owó sì dín kù. Ẹ pe àwọn Macmillan bí irú rẹ̀ bá dé bá yín. Wọ́n máa ń ṣàlàyé owó ìrànwọ́ tó tọ́ sí ènìyàn, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò bóyá wọ́n ń dá owó ọkọ̀ padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì náà padà, kò pẹ́ rárá. Àpò kékeré kan ni. Oògùn tí wọ́n fi ń pa á mọ́ nínú òtútù mú kí yàrá máa rùn bí àgbàdo inú agolo. Dèjì ní, "Ṣé kò ju báyìí lọ?"

Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ́jú yìí lè da ọpọlọ rú fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ọdún wo la wà? Ìlú wo nìyí? Kí ni èyí? Ka iye láti 100 sẹ́yìn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà á kọ gbólóhùn kan, gbólóhùn kan náà lójoojúmọ́, kí wọ́n lè fi ìkọ̀wé rẹ̀ wé ti àná. Wọ́n ní kó yan èyí tó bá wù ú. Ó kọ ọ́ ní Yorùbá: Orúkọ ìyàwó mi ni Àbẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ojú tì mí láti sọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ ibà gbé e. Nọ́ọ̀sì ní kó ka iye. Ó pajú dé, ó ní: "Ọgọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún, ọgọ́rin, àádọ́rin..." Nọ́ọ̀sì sáré fẹ́ pe dókítà, ó rò pé ìsọkúsọ ni. Mo ní ẹ dúró, Yorùbá ni, ó sì tọ̀nà! Ó kà á dé ẹ̀wá láìṣì. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ dán an wò nílé kí a mọ̀ bóyá orí yín pé tó ti ẹni tí ibà ń ṣe.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé bírò fún un, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, lẹ́tà ń gun ara wọn. Ó kọ "Orúkọ ìyàwó mi ni Àbẹ̀", ó sì dúró. Ó ń wo ìwé náà bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo mọ̀ pé n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin ará mi, ohun tó le jù tí mo tíì ṣe láyé nìyẹn, kí n jókòó síbẹ̀ kí n má sọ orúkọ mi. Dókítà dé, wọ́n fún un ní steroid, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́ mọ́jú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó kọ ọ́ tán, ó tún fàmì sórí gbogbo lẹ́tà.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò gbẹ̀yìn, wọn ò rí àmì jẹjẹrẹ náà. Wọn ò sọ pé ó ti lọ pátápátá, èmi náà ò sọ ọ́. Ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́, àrùn kékeré sì lè gbé e dè. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe, kó kí i lórí fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé oúnjẹ wá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pè mí kí ẹ tó wá, kí ẹ sì gbé e wá ní gbígbóná. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀fọ́ rírò ti tó, kí ẹnì kan ṣe mọ́ínmọ́ín.