Ìbọn márùn-ún tó lójú àmì sàn ju ogún tí wọ́n yìn sókè lọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ní Ilobi àti ní gbogbo ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, ìbọn kì í ṣe ohun àjèjì. Bí àgbà ọdẹ bá papòdà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìṣípà fún un, bí ìrèmọ̀jé ti ń lọ ni ìbọn yóò máa dún. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa àṣà yẹn rẹ́. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n yìn sókè nílé òkú, ìgbà wo ni ọdẹ yìnbọn kẹ́yìn sí ojú àmì, lójú ọ̀sán, tí àgbà kan dúró tì í, tó ń sọ ibi tó kù sí fún un?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré. Ilẹ̀ tó bá orílẹ̀-èdè mìíràn pààlà ni ilẹ̀ Yewa, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1848 ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Òkè-Ọdàn. Ní 1851 àti 1864, wọ́n gbé ogun lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì pàdánù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tí wàhálà àwọn darandaran bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Yewa lóṣù kejì ọdún 2021, àwọn ará ìlú kan sá kọjá sí ilẹ̀ Benin. Ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú sì ń gbójú lé ọdẹ wọn fún ìṣọ́ òru.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọdẹ tó ń wá ẹran tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń ṣọ́ ènìyàn. Bí ọdẹ bá tàsé ìgalà, ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ kan ló pàdánù. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ìlú bá tàsé, ó lè jẹ́ ìyá tó jí lọ sọ́jà láàárọ̀ kùtù, tàbí àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko, ni ọta náà yóò bá. Ẹni tí wọ́n gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ máa fi ìbọn rẹ̀ dánra wò.

Ṣùgbọ́n báwo ni ìdánrawò náà yóò ti pẹ́ tó, ìbọn mélòó ni wọ́n yóò sì yìn? Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ẹni tó bá yìn ín jù ló mọ̀ ọ́n jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi ìdíje Òlíḿpíìkì, níbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù láyé ti ń pàdé, ìbọn 60 ni àwọn tó ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ ta àmì láti mítà 10 máa ń yìn ní ìpele àkọ́kọ́, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n sì fún wọn. Èyí ju ìṣẹ́jú kan lọ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìbọn tí kò lẹ́tù, tí kì í gbá èjìká nìyẹn o. Kí wá ni ti ṣakabùlà?

Ara ènìyàn ló kọ́kọ́ ń fi òpin sí i. Bí apá bá ti rẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Bí èjìká bá ti jẹ ìyà, ènìyàn á máa ṣẹ́jú, á máa fà sẹ́yìn kí ìbọn tó dún. Ẹni tó bá ń bá a lọ lẹ́yìn ìgbà yẹn kò kọ́ ìbọn mọ́, ìbẹ̀rù ló ń kọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, ìbẹ̀rù yẹn náà ni yóò fi yìn ín.

Ìbọn fúnra rẹ̀ tún ń fẹ́ sùúrù. Bí wọ́n bá yin ṣakabùlà tán, iná lè ṣẹ́kù sínú ọ̀pá rẹ̀. Ẹni tó bá da ẹ̀tù tuntun lé e lójú ẹsẹ̀, ó lè gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́. Èérí ẹ̀tù náà máa ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, bí wọ́n bá sì ti yìn ín bí ìgbà mélòó kan láìnu ún, kíkì á bẹ̀rẹ̀ sí í nira. Ẹni tó ń kánjú lè wá fi agbára kì í, tàbí kó bu ẹ̀tù lé e ju bó ṣe yẹ lọ, ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ sì lè bẹ́. Etí ńkọ́? Ìró ìbọn kan ṣoṣo lè kọjá ìwọ̀n 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tí àwọn onímọ̀ ìlera ní kí etí má kọjá. Etí tó bá sì bàjẹ́ báyìí kì í sábà padà sípò. Ọdẹ tí kò gbọ́ràn mọ́, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú igbó?

Nítorí náà, ohun tó bójú mu ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n má kọjá mẹ́wàá. Kí wọ́n máa sinmi láàárín ẹyọ kan sí èkejì, kí wọ́n nu ìbọn, kí wọ́n lọ wo ibi tí ọta bọ́ sí. Kí gbogbo rẹ̀ má ju wákàtí kan lọ. Bí ọta bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n káàkiri ojú àmì, kí wọ́n káwọ́ sílẹ̀, kódà bó ku ẹyọ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù báyìí sàn ju odindi ọjọ́ kan lọ́dún lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láàárín rẹ̀, kí wọ́n máa fi ìbọn òfìfo, tí ẹlòmíràn ti yẹ̀ wò, kọ́ ìdúró àti ìfojúsùn nílé. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àwọn àgbà kan yóò ní igbó ni àwọn ti kọ́ tiwọn, pé ẹ̀tù ti wọ́n jù láti fi ṣòfò. Òótọ́ ni pé ẹ̀tù wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń yìn sókè níbi ìnáwó kan ṣoṣo lè tó ìdánrawò oṣù mélòó kan. Bí ẹgbẹ́ ọdẹ bá yọ ìdajì nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, òkú kò ní bínú, ìlú á sì jèrè.

Kò ní ṣòro láti ṣètò rẹ̀. Kí ọba àti olúọdẹ yan ibì kan tó jìnnà sí ọ̀nà oko, tí òkìtì ilẹ̀ tó nípọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n sọ fún ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn, kí akéde sì polongo ọjọ́ náà kí ọmọdé má baà sún mọ́ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀, kó lọ gbà á, nítorí òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀. Ẹni tó bá mutí, kó jókòó sílé.

Ìlú tó fi òru rẹ̀ lé ọdẹ lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ọwọ́ ọdẹ náà dúró. Ìró ìbọn nílé òkú kò lè fi ìyẹn hàn. Ojú àmì nìkan ló lè sọ ọ́.