Ẹni Tí Ó Mọ Yorùbá Kọ, Owó Iṣẹ́ Rẹ̀ Tọ́ Sí I

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Bí ẹbí kan bá fẹ́ ṣe òkú àgbà, wọ́n mọ̀ pé káfíńtà tí ó kan pósí yóò gba owó, alásè yóò gba owó, onílù pàápàá kò ní fi ọwọ́ òfo padà sílé. Ṣùgbọ́n ìwé ètò ìsìnkú náà, tí oríkì òkú àti ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ yóò sì fi pamọ́ títí di ọjọ́ alẹ́ wọn, ni a máa ń gbé fún ẹni kan ládùúgbò pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo Yorùbá inú rẹ̀ fìrí." Nígbà tí ó bá wò ó tán, àdúrà ni a fi ń san án fún un. Àdúrà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyá oníṣu kì í gba àdúrà dípò owó.

Ìdí méjì ni àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń sọ. Èkíní, wọ́n ní gbogbo wa ni a gbọ́ Yorùbá. Iṣẹ́ kí ni ó wá wà níbẹ̀ tí a óò san owó lé lórí? Èkejì, wọ́n ní ẹni náà kò ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì lórí èdè, nítorí náà kò ní ẹnu tí yóò fi béèrè owó. Èrò tèmi ni pé ìdí méjèèjì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àti pé bí a kò bá jáwọ́ nínú wọn, èdè wa ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú èkíní. Gbígbọ́ èdè yàtọ̀ sí kíkọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí jíjẹ àmàlà ti yàtọ̀ sí rírò ó. Ẹni tí yóò kọ Yorùbá kí ó gún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé lẹ́tà kan náà ni ó wà nínú ọkọ tí í ṣe olówó orí obìnrin, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò, àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìsìnkú ìyá àgbà kan pé ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí ọ̀run, ẹ̀rín yóò gba ibi tí ẹkún yẹ kí ó wà. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ àkọtọ́ tí a fi ọwọ́ sí ní ọdún 1974, tí a fi ń kọ "ayé" dípò "aiye," "ènìyàn" dípò "enia," àti "náà" dípò "nã." Ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí a ń kọ pọ̀ àti èyí tí a ń yà nípá. Ó sì gbọ́dọ̀ lè dá gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ bí ó tilẹ̀ da agbádá Yorùbá bo ara. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé kò mọ ìdajì èyí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀, àwọn ọdún wọ̀nyí ni ó sì yẹ kí a bá a rà.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè. D. O. Fagunwa, ẹni tí ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Saint Andrew ní Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà fún, ìtàn kíkọ ní tirẹ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tí a bí ní ọdún 1920, kò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì di ẹni tí ń jíṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Níbẹ̀ ni ó wà tí ó fi kọ The Palm-Wine Drinkard ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn Faber and Faber ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1952. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé bínú sí irú Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ, ṣùgbọ́n ìwé náà rìn jìnnà ju ìbínú wọn lọ.

Ẹ tún rántí àwọn a-bá-ni-kọ-lẹ́tà ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń jókòó ti tábìlì wọn lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́ àti kóòtù. Òfin kan wà tí a ṣe láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Òfin náà pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ènìyàn kọ ìwé kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé sí orí ìwé náà. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti jẹ́rìí pé ohun tí a rán an ni ó kọ gẹ́lẹ́, àti pé ó ti kà á sétí oníwèé, ó sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ó tó tẹ̀ka sí i. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Orúkọ tí a kọ sílẹ̀, àti iṣẹ́ tí a kà síta kí gbogbo ènìyàn gbọ́: àwọn méjì wọ̀nyí ni ẹ̀rí akọ̀wé. Ẹni tí ó bá fi orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ burúkú, ara rẹ̀ ni ó tà lọ́pọ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé bí a bá fi ìwé ẹ̀rí sílẹ̀, ayédèrú akọ̀wé yóò ya wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń mọ ahunṣọ gidi ní Ìsẹ́yìn, tàbí aláró gidi ní Abẹ́òkúta? Aṣọ ni a ń yẹ̀ wò. Ẹ fún ẹni tí ó bá ní òun mọ iṣẹ́ ní ojú ìwé kan, ẹ san owó ojú ìwé náà, kí ẹ sì gbé e fún àgbà kan tí ó gbọ́ èdè jinlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó ti mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Èmi kò fi èyí tàbùkù àwọn yunifásítì wa. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe lórí àkọtọ́ Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1965, wà lára ohun tí ó la ọ̀nà fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní iyàrá rẹ̀, tí ó sì mọ̀ ọ́n délẹ̀, ìmọ̀ kan náà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ẹ̀bùn yìí, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹnì kan yóò fi yín joyè. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ tọ́jú ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ti kọ tàbí tí ẹ ti tún ṣe, kí ẹ lè fi í han ẹni tí ó bá béèrè. Ẹ dá iye owó kí ẹ tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́, yálà lórí ojú ìwé tàbí lórí iye ọ̀rọ̀. Ẹ gba ìdajì ṣáájú. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, àti iye ìgbà tí ẹ óò tún un wò láìgba owó mìíràn. Iṣẹ́ wà. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe fíìmù, lọ́dọ̀ àwọn tí ń polówó ọjà lórí rédíò, àti lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa ní ìlú òyìnbó tí wọ́n fẹ́ kọ ìtàn ìdílé wọn. Nítorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó wà ní Ìlọrin lè tún ìwé ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń túmọ̀ èdè nísinsìnyí, kò sì yẹ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Ẹ̀rọ kì í fi orúkọ sí abẹ́ iṣẹ́, kì í sì í dáhùn nígbà tí a bá ní kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ fún oníbàárà láìkà á, tí ó sì gba owó rẹ̀, olè ni.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Nígbà tí ẹ bá ń ṣírò owó ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀, ẹ ya ti olùtúnṣe sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ya ti bébà àti ti yíǹkì sọ́tọ̀. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà, kí ìyìn àti ẹ̀bi lè mọ ibi tí wọn yóò lọ. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á.

Àwọn ọmọ wa ń wò wá. Bí wọ́n bá rí i pé ẹni tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ ń jẹun níbẹ̀, tí ẹni tí ó mọ Yorùbá kọ sì ń gba àdúrà, kò sí ìwàásù tí yóò mú wọn kọ́ èdè baba wọn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lónìí yóò sì gbé ìmọ̀ náà lọ sí ibojì, àṣìṣe tí a tẹ̀ sínú ìwé ni yóò kù fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, wọn yóò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá rí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ọ̀tún júwe rẹ̀, kí owó iṣẹ́ sì wà nínú ọwọ́ náà.