Ìbọn Tuntun Tí Ẹ Rà: Ibi Tó Họ Kọ́ Ló Ń Pani

 

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Háà, Pásítọ̀, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ìbọn?" Ó kàn mí o. Nílẹ̀ Texas tí a wà yìí, àwọn èèyàn wa tó ní ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe kékeré. Ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíràn ní òun fẹ́ fi ṣọ́ ìyàwó àti ọmọ. Bóyá ó yẹ kí onígbàgbọ́ ní ìbọn tàbí kò yẹ, ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn. Ẹni tó ti rà á ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn ń kọ mí lóminú. Èèyàn á ra ìbọn tuntun, ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. "Ó họ níbí." "Àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba." "Ẹ wo àmì irinṣẹ́ lára irin!" Inú á bí i, á pe ẹni tó tà á fún un. Ẹ wá bi í pé tírígà rẹ̀ ńkọ́, á ní, "Ó ń há díẹ̀, àmọ́ á yọ̀ tó bá yá."

Ẹ̀yin ará, ibi tó họ kò pa ẹnikẹ́ni rí. Wòlíì ńlá ni Sámúẹ́lì, síbẹ̀ ìrísí Élíábù fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lójú nílé Jésè. Mélòó mélòó wá ni àwa tí a dúró níwájú gíláàsì ilé-ìtajà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe gbogbo tírígà tó ń há ló léwu. Ìbọn olówó pọ́ọ́kú òde òní, ẹ̀rọ ló ń ṣe ẹ̀yà inú rẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó fi ọwọ́ dán an. Irin tuntun ń ha irin tuntun, òróró ìpamọ́ sì lè wà níbẹ̀. Ẹ fà á, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ gàrí tó ní yanrìn. Tí ẹ bá nù ún, tí ẹ fi òróró tó yẹ sí i, tí ẹ sì lò ó díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á yọ̀.

Àmọ́ tírígà tí kì í padà sípò lẹ́yìn tí ẹ fà á, èyí tó ń há lónìí tó tún fúyẹ́ jù lọ́la, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ "á yọ̀ tó bá yá." Ẹ má lò ó mọ́.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi ń pariwo? Àjọ kan wà ní Amẹ́ríkà, Consumer Product Safety Commission, tó ń rí sí ewu nínú ọjà tí a ń rà. Òfin ọdún 1972 tó dá a sílẹ̀ yọ ìbọn kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n kó ìbọn ìṣeré ọmọdé kúrò lọ́jà, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìbọn gidi! Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ó hàn pé ìbọn P320 lè dún tó bá já bọ́ ní ọ̀nà kan, ilé-iṣẹ́ SIG Sauer ní kí ẹni tó bá fẹ́ dá tirẹ̀ padà fún àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ o. Torí náà, ẹ̀yin fúnra yín ni olùyẹ̀wò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi hàn yín pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè láti fa tírígà rẹ̀ wò. Tó bá ti délé, ẹ yọ àpò ọta, ẹ fa irin òkè sẹ́yìn, ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ ka ìwé tó bá a wá. Ẹ má gbé fáìlì ti tírígà nítorí ohun tí ẹ rí lórí YouTube. Ẹni tó bá fáìlì rẹ̀ jù lè sọ ọ́ di ìbọn tó ń dún fúnra rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí ẹ fi ìbọn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fún àtúnṣe, kí wọ́n sì dá a padà sí yín tààrà. Ẹ pè wọ́n, wọ́n á sọ bí ẹ ṣe máa fi ránṣẹ́.

Ẹnìkan á ní, "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni." Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run yẹn kan náà ló pàṣẹ nínú Diutarónómì 22 ẹsẹ 8 pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má bàa wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sọ pé kí ilé náà lẹ́wà o.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní ta sílẹ̀ nínú ilé wa ní orúkọ Jésù. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ Àmín yín.