Àìrìn Pọ̀ Ejò: Owó Oṣù, Lẹ́tà Ìgbàṣẹ́ àti Ẹnu Òṣìṣẹ́ Alákọ̀wé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìrìn pọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ tuuru bọ̀ lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò dúró dè wọ́n lọ́nà. Ohun tí àwọn àgbà fi òwe yìí sọ ni pé ẹ̀dá tó ní oró lẹ́nu pàápàá lè di ẹran pípa bó bá ń dá rìn. Àwọn tí òwe náà bá wí jù lọ lóde òní ni òṣìṣẹ́ alákọ̀wé, ìyẹn àwọn tó fi ìwé kọ́ṣẹ́, tí wọ́n sì ń jẹun nídìí rẹ̀ ní báńkì, ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ní ilé-iṣẹ́ epo àti ní ọ́fíìsì àwọn oníṣirò owó, nítorí pé nínú gbogbo ẹni tí ń gba owó oṣù, àwọn ni wọ́n ń dá rìn jù. Ohun tí àròkọ yìí dúró lé ni pé ó yẹ kí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa sọ fún ara wọn iye tí wọ́n ń gbà àti ohun tó wà nínú lẹ́tà tí a fi gbà wọ́n síṣẹ́, àti pé ẹni tó bá pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òfófó kò tíì ka òfin.

Òfin tí ọ̀rọ̀ kàn ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1974, tó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè náà ti 2004. Ó pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí a kọ àdéhùn wọn sí, kí oṣù mẹ́ta tó pé tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìfitónilétí oṣù kan kí iṣẹ́ tó parí, tàbí owó dípò rẹ̀. Ó sì ní bí òṣìṣẹ́ bá ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, kí agbanisíṣẹ́ ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ wọn kó tó dá ẹnikẹ́ni dúró. Gbogbo èyí dùn ún kà títí ènìyàn yóò fi dé abala 91, níbi tí òfin náà ti túmọ̀ ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́. Ẹni tí ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ tàbí tí ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni. Òfin náà yọ àwọn tí ń ṣe àkóso, àwọn tí ń pàṣẹ, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀, bí amòfin àti oníṣirò owó, kúrò nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé òfin dúró ti ẹni tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ju bó ṣe dúró ti máníjà tí ń rìn lórí ilẹ̀ náà lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ máníjà kì í mọ̀ títí lẹ́tà ìdádúró yóò fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ohun tó kù fún irú máníjà bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ìgbàṣẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, àtúnṣe kẹta tí a ṣe sí òfin ìpìlẹ̀ ní 2010 ti fún ilé-ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní agbára láti wo ìwà tí kò tọ́ níbi iṣẹ́, kó sì fi ìṣe tó dára jù lọ láàárín orílẹ̀-èdè gbogbo wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ta ni yóò sì bá ẹni tí ń wá iṣẹ́ wo igi náà lókèèrè, bí kì í bá ṣe ẹni tó ti fọwọ́ sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí? Ní 2004, nígbà tí Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀, kéde pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí, báńkì 89 di 25, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì bọ́ síta. Ohun tí olúkúlùkù máníjà lè béèrè fún nígbà náà kò ju ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ lọ.

Ní Ìkòròdú, àyè láti sọ̀rọ̀ owó oṣù àti lẹ́tà ìgbàṣẹ́ pọ̀ gan-an, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ sí ibi iṣẹ́ ní Èkó jìn. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Màrínà tàbí ní Victoria Island ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, yálà nínú bọ́ọ̀sì BRT, tí ọ̀nà rẹ̀ ti Mile 12 dé Ìkòròdú ní 2015, tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbéra ní Ìpakodò. Àwọn méjì lè jọ jókòó báyìí fún ọdún pípẹ́, kí wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀gá tó ń kanra, kí wọ́n sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan náà níbi tí wọ́n ti ń ṣe onídùúró fún ara wọn bí wọ́n bá fẹ́ yá owó, síbẹ̀ kí èkíní má mọ iye tí èkejì ń gbà. Ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kò ní ta ẹja kan láìkọ́kọ́ béèrè iye tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tà á láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní pè é ní alátojúbọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó gboyè ní yunifásítì a sì jókòó níwájú agbanisíṣẹ́, a dárúkọ iye kan tó ṣèèṣì wá sí i lọ́kàn, a máa gbàdúrà.

Àwọn tí kò fara mọ́ èyí a máa sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àṣírí ni owó oṣù, àti pé ìlara ni yóò bá ìmọ̀ náà rìn. Ti lẹ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, ẹni tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá sì wà nínú ìwé rẹ̀ níláti kà á dáadáa kó tó lanu. Ṣùgbọ́n àṣírí oníbàárà ọ̀tọ̀, ètò owó iṣẹ́ ọ̀tọ̀. A lè sọ iye tí ipò kan ń mú wá láìdárúkọ ẹni tó wà nípò náà. Ti ìlara ló wúwo jù, nítorí òótọ́ ni pé ẹni tó gbọ́ pé ẹnìkejì rẹ̀ ń gba ìlọ́po méjì owó rẹ̀ lórí iṣẹ́ kan náà kò ní fi inú dídùn sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, ẹni tó ṣètò ìlọ́po méjì náà ni ọ̀ràn kàn, kì í ṣe ẹni tó sọ ọ́ jáde, agbanisíṣẹ́ tí ìdí rẹ̀ bá sì mọ́ lè ṣàlàyé rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àwọn alákọ̀wé kò fi ìgbà gbogbo dá rìn. Ní June 1945, tí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó, tí owó ìrànwọ́ tí ìjọba amúnisìn ń fún òṣìṣẹ́ kò sì tó ra oúnjẹ mọ́, akọ̀wé ìjọba àti oníṣẹ́ rélùwéè jọ dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tó lé ní 30,000, Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ rélùwéè, sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ìgbìmọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dábàá pé kí owó ìrànwọ́ náà fi ìdajì lé sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá sún mọ́ Ẹ̀pẹ́ gan-an báyìí, nítorí pé láti 2023, tí a ṣí èbúté Lẹ́kì àti ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò di dandan kó jẹ́ ti Erékùṣù Èkó mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni yóò tipasẹ̀ agbáṣẹ́ṣe tí ń kó òṣìṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn wọlé, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàkì àti òṣìṣẹ́ gidi yóò jọ máa jókòó sí tábìlì kan, pẹ̀lú lẹ́tà méjì tí kò jọra. Fún irú wọn, ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì, nítorí pé òfin rẹ̀ ti 2014 kò yọ máníjà sílẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8, kí owó méjèèjì sì dé ọwọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí a san owó oṣù. Ẹni tó ń dá rìn lè rí i pé wọ́n yọ owó náà lórí ìwé owó oṣù rẹ̀, kó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kó rí i níbi tó yẹ kó dé, kó sì fi ọdún mẹ́ta rò ó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá bi ara wọn léèrè lọ́sẹ̀ kejì, tí ti ẹnikẹ́ni wọn kò wọlé, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sì lè jọ kọ̀wé sí àjọ tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí òfin fún láṣẹ láti bu ìtanràn fún agbanisíṣẹ́ náà, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí kò san, fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó fi jáfara.